Ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa ṣe páálí tẹ́ńdà ní Wuse: mo san 150,000, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ta ló ń bá mi ṣe páálí tí mo fi ń du iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí, mi ò lè máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí mo ní ẹ̀sùn tí mo máa kà sí wọn lẹ́sẹ̀ tó bá yá, mi ò sì ní dárúkọ ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ torí mo ṣì fẹ́ máa tajà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan lókè níbí ni, ó tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe ní Kugbo, àwọn àga ilé ìwé tí ọmọ méjì ń jókòó sí yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ irin, orí rẹ̀ pákó. Ẹni tó bá ń ta irú àga yìí mọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń rà á jù torí àwọn ló ni ilé ìwé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tà á fún àwọn tó ń gba kọ́ńtíráàtì, wọ́n á rà á lọ́wọ́ mi 45,000, wọ́n á lọ tà á fún ìjọba ní 65,000, èmi tí mo jó irin tí mo rẹ́ pákó á wá jókòó máa fọwọ́ lẹ́rán. Ìyàwó mi ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ló ń dá ìwọ náà dúró. Mi ò rí èsì fún un.

Ọjọ́ tí mo rí ìpolówó yẹn nínú ìwé ìròyìn, àga 400 fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn títí mo fi ka ìdajì kejì. Ìwé CAC tí wọ́n fi forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, PENCOM ti owó ìfẹ̀yìntì, ITF ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, NSITF ti ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àkántì ọdún mẹ́ta tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò, lẹ́tà báńkì, ẹ̀rí iṣẹ́ tá a ti ṣe sẹ́yìn, àti àfidáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra láti kóòtù, pé kò sí dàírẹ́kítọ̀ kankan nínú wa tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí lórí jìbìtì. Mo ní háà, àga ni mo fẹ́ tà o, kì í ṣe ọmọ ọba ni mo fẹ́ fẹ́.

Bùọ̀dá kan ní Area 1 ní kí n gbé 90,000 wá, òun á gba PENCOM fún mi láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ gbọ́ o, PENCOM kì í gba kọ́bọ̀ lórí páálí yẹn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ yín, 10% látọ̀dọ̀ ọ̀gá, 8% látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, tẹ́ ẹ ò bá ti san án kò sí ọ̀nà ọjọ́ méjì kankan, àfi èyí tí ẹnì kan máa fi kọ̀ǹpútà ya nínú yàrá rẹ̀.

Ẹni tó ń ta pákó fún mi ló júwe ṣọ́ọ̀bù yìí. Wuse Zone 4 ni, àjà kejì, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ mọ́là tó ń sun súyà gòkè, tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo fáìlì tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn ló máa ń rùn bíi ẹran sísun, mi ò ṣe àwàdà, páálí mi pàápàá ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, ọmọ kan tó ń tẹ̀wé, àti ìyá kan láti Ọ̀ffà tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń rajà ló wà nígbà náà. Ìyá Kọ̀ǹpíláyáǹsì, ìyẹn ìyá tó ń rí i pé ìwé bá òfin mu, là ń pè é, òun náà mọ̀ pé a ń pe òun bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ti ìyá yìí nìyí. Ó bi mí pé òṣìṣẹ́ mélòó ni mo ní.

Mo ní mẹ́ta, Ìyá.

"Àwọn tó ń jó irin ńkọ́?"

Mo ní ọmọ iṣẹ́ nìyẹn mà, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́.

"O ń fún wọn lówó lóṣooṣù àbí o ò fún wọn?"

Mo dákẹ́. Mọ́kànlá ni wá.

Ó pa fáìlì dé, ó tì í sí mi. Ó ní òun ò ní kọ mẹ́ta, pé tẹ́ni kan bá rìn dé Kugbo lọ́la tó ka èèyàn mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa sọ pé òun ló tẹ̀ ẹ́? Ó wá mú ìwé òfin kékeré kan jáde, ó ṣí i sí abala 58, ó ní kí n fẹnu ara mi kà á. Ẹni tó bá lo ayédèrú ìwé láti fi gba iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10, kò sí owó ìtanràn tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n á lé e kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba fún ọdún 5 ó kéré tán, á sì san ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ náà. Òtútù mú mi, AC wọn ò sì ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. ITF ń bá yín wí tẹ́ ẹ bá ti ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí tí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún bá ti tó 50 mílíọ̀nù, 1% owó oṣù gbogbo wọn ni wọ́n ń gbà. NSITF náà 1%, ìyẹn wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kí n sọ òótọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti fi iná jó ojú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ara mi ni mo fi san owó ilé ìwòsàn, mi ò mọ̀ pé ibì kan wà tí mo yẹ kí n ti máa sanwó sí nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. 150,000 tí ṣọ́ọ̀bù gbà kò kan gbèsè ìjọba o, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ná mi tó 600,000 kí n tó ní ìwé pé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìpolówó fún wa, ṣé ẹ rí i pé díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, ìyá yìí ló là mí lójú. Òfin rírajà ìjọba tí Yar'Adua fọwọ́ sí ní 2007, èyí tó dá BPP, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó rírajà ìjọba, sílẹ̀ ní Abuja, kò dé àpò ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló mú, àti ẹni tó bá ń gba ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fẹ́ fi rajà látinú àpò ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa jókòó ṣe òfin tiẹ̀. Kaduna ṣe tiwọn ní 2016, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Àwọn kan ò yára, àfìgbà tí Báńkì Àgbáyé gbé 750 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ ní 2018 pé ìpínlẹ̀ tó bá ṣe òfin rírajà tó sì ń gbé kọ́ńtíráàtì rẹ̀ síta kí aráyé rí i, á rí nínú ẹ̀ jẹ. Ni gbogbo wọn bá dìde lójijì. Ọ̀pọ̀ òfin yẹn jọ ti Abuja bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìyá ní ẹ má fi ti Abuja ṣírò ọjọ́ fún ìpínlẹ̀ o, ẹ lọ ra ìwé òfin tiwọn. Èyí témi lọ yẹn, ọjọ́ wọn bá ti Abuja mu.

Ọjọ́ ìṣíwèé, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ẹ́ńfílóòpù gbogbo àwa tá a ń du iṣẹ́, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n dá. Àpótí pákó kan wà lórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ méjì lẹ́nu rẹ̀, lọ́wọ́ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá kan sáré wọlé pẹ̀lú ẹ́ńfílóòpù ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń sọ pé gó-síloò mú òun, ó ń kí gbogbo èèyàn ráńkà yá dádé ráńkà yá dádé, wọ́n dá a padà fún un láì ṣí i. Mo ní áà, ibí yìí le o. Wọ́n wá ń fa ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ń ka orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì, iye owó, lóhùn òkè, lójú gbogbo wa. Àwa mẹ́sàn-án ni. Tèmi 20,800,000, ìyẹn 52,000 lórí àga kan, mi ò gbọ́ iye tó kéré jù ú lọ. Àlàájì kan pe tiẹ̀ ní 23,200,000. Ilé iṣẹ́ kan tó gbé fáìlì aláwọ̀ góòlù wá pe 26,400,000.

Lẹ́yìn, ní igun, ọmọbìnrin kan jókòó, híjáàbù aláwọ̀ eérú, ìwé ẹ̀kọ́ kan lórí itan rẹ̀ bíi ti ọmọ ilé ìwé gan-an, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń kà. Mo rò pé akọ̀wé ẹnì kan ni. Ìyá ló sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀kan nínú àwọn olùwòye méjì tí òfin ní kí wọ́n pè nìyẹn, ọ̀kan á wá látinú ẹgbẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn, èkejì látinú ẹgbẹ́ aládàáni tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ó ní, "Lọ kí i, béèrè bó ṣe kọ tìẹ sílẹ̀." Mo lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi hàn mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oní-fáìlì góòlù ó fi báírò pupa kọ ọ́ pé ìwé owó orí ọdún méjì péré.

Ẹ rántí ọmọ yẹn.

Ó tó oṣù méjì tí a ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí lẹ́tà pé a yege, kò sí èyí pé a ò yege. Ẹni tó ń kó irin wá fún mi ló sọ pé òun rí oní-fáìlì góòlù tó ń ra irin ní Dei-Dei pé iṣẹ́ àga ti dé. Mo fẹ́ lọ bá wọn jà. Ìyá ní kí n jókòó, ọjọ́ tí mo gbọ́ ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni mo ní láti kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba yẹn, òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn, tí kò bá dáhùn tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn mo ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó rírajà, àwọn yẹn ní 21 láti dá ẹjọ́ náà. Ọjọ́ iṣẹ́ o, Sátidé ò sí níbẹ̀, Sọ́ńdè ò sí níbẹ̀, Sállà náà ò sí níbẹ̀, ìyá fi bébà gbàgẹ̀rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń fagi lé e lójoojúmọ́. Ibí ni mo ti gbà pé owó mi ò ṣègbé. Ẹlòmíràn á ti pẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ẹjọ́ á ti dòfo.

Akọ̀wé àgbà ò dáhùn. A tún kọ lẹ́tà FOI, ìyẹn òfin tó ní kí aráàlú lè rí ìwé ìjọba, pé kí wọ́n fún wa ní ìwé bí wọ́n ṣe yẹ iye owó wò, òfin 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní òfin àpapọ̀ nìyẹn, kò mú ìpínlẹ̀. Ìyá ti ń retí ẹ̀, ó ti fi ẹ̀dà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti oṣù kẹrin 2025 sẹ́yìn lẹ́tà, tó sọ pé ó mú gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀gá yẹn kà á, ó yọ awò rẹ̀, ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdè. Wẹ́sìdè pé, wọ́n fún wa.

Wàyí o, ọ́fíìsì àwọn aláyẹ̀wò, torí àwọn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ní in lọ́kàn pé ibi tí mò ń lọ, ẹlẹ́gbẹ́ wọn ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n kó wọn sí, inú ọgbà kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ọ̀nà kan náà, kantín kan náà, gómìnà ló yan ọ̀gá wọn, àpò kan náà ni owó oṣù wọn ti ń wá. Mo rí ọ̀gá tó ń rajà àti ọ̀gá tó ń yẹ ọjà wò tí wọ́n jọ ń jẹ túwó lọ́sàn-án. Ta ló máa jẹ́ kí n fọkàn tán irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dá dúró, kó kọ́kọ́ wá ibòmíì gbé wọn sí, kó sì jẹ́ kí òfin sọ ọdún tí ọ̀gá wọn máa lò kí ẹnì kan má kàn fi SMS yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá sọ̀rọ̀ tí kò dùn.

Síbẹ̀ kí n má purọ́. Wọ́n gba ìwé mi, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, ọjọ́ àti aago, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà. Ọjọ́ kẹta wọ́n ti kọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó kankan lórí àga yẹn títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin oníhíjáàbù, ó gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé. Nínú ìwé ìgbìmọ̀ tó yẹ ìwé wa wò, wọ́n ti kọ ọ́ pé oní-fáìlì góòlù mú owó orí ọdún mẹ́ta wá, nínú ìwé ọmọ yìí ọdún méjì ni, wọ́n ṣí fáìlì náà, ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ kọkàndínlógún lẹ́tà dé. Wọ́n ti fagi lé e. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, ìwé gbogbo wa.

Mo ti ń pe àwọn tó ń ta irin. Mo ti sọ fún ìyàwó mi.

Wọ́n tún un yẹ̀ wò lóòótọ́, wọ́n sì lé èmi náà dànù! Ẹ mọ ìdí? Àfidáfíìtì. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ fún mi. Ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ la fẹ́ tajà fún, ìpínrọ̀ kẹrin àfidáfíìtì mi sọ pé ilé iṣẹ́ omi, ìpínlẹ̀ mìíràn pátápátá! Ọmọ tó ń tẹ̀wé ti ṣí fáìlì oníbàárà kan tó fẹ́ gbẹ́ kànga, ó yí orúkọ lókè, ó gbàgbé ti àárín. Èmi fọwọ́ sí i, akọ̀wé kóòtù lu òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó kà á. Ìyá tó lè ka abala 58 lórí kò ka ìpínrọ̀ kẹrin. Ọ̀gá aláyẹ̀wò tiẹ̀ ní òun bá mi kẹ́dùn, pé ìwé òun ò mọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo jókòó sínú mọ́tò, mo lo wákàtí kan kí n tó lè tan iná sí i.

Àlàájì 23,200,000 ló gbà á. Owó ìjọba yẹn dín ní 3,200,000 sí ti oní-fáìlì góòlù, èyíinì dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ìbá ti dín jù. Lọ́sẹ̀ kejì Àlàájì pè mí pé kí n bá òun ṣe 200 nínú ẹ̀, a jọ ná an sí 49,000, mo gbà. Ìyàwó mi ní ó kúkú ju 45,000 lọ.

Nígbà tí mo gbé lẹ́tà lọ bá ìyá ní Wuse, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò. Kò ṣàwáwí. Ó dá 100,000 padà fún mi lójú ẹsẹ̀, 50,000 tó kù ó ní ti iṣẹ́ tó bá mi kọ lórí ẹ̀sùn ni, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tẹ̀wétẹ̀wé ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ máà bínú, mo bá a wí díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé máàkì lẹ fẹ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn 3 nínú 5. Ìmọ̀ òfin wọn ò láfiwé, wọ́n á sọ fún yín pé rárá nígbà tí owó wà lọ́wọ́ yín, mélòó lẹ rí bẹ́ẹ̀ ní Abuja yìí. Wọn kì í gbé fóònù lẹ́yìn aago márùn-ún. Wọ́n gbówó lórí díẹ̀. Ẹ ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín, ìlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ kóòtù. Àwọn aláyẹ̀wò ìpínlẹ̀ yẹn 4, mo yọ ọ̀kan torí túwó.

Mo ń padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. PENCOM kì í kọjá December 31, ọjọ́ yòówù kẹ́ ẹ gbà á lọ́dún, tèmi ti kú, ìpolówó mìíràn sì ti jáde, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi kó mú fúláàṣì tiẹ̀ dání, tiwọn ní fáírọ́ọ̀sì, kó sì dé kí mọ́là tó dáná súyà.